Ọjọ́ Tí Ìkíni Kúrú Lẹ́nu Ìyá Mi

Òórùn gàrí tí ìyá mi ń yan tà ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí ilé wa ní Ìlobù. Òṣogbo ni mo ti ń ṣe wíńdò aliminiọ́mù, bí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án Sátidé, òórùn yẹn, tó kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Ìyá mi ni yóò ṣìkejì. Ọmọ Ìfọ́n ni, ìkíni rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Tí o bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, o ti há nìyẹn. Yóò bèèrè iṣẹ́, yóò bèèrè ọ̀gá rẹ, yóò bèèrè ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, yóò wá ṣe àdúrà tí yóò sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo gbọ́ òórùn gàrí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń yan án. Òun wà nínú yàrá, ó faṣọ bora. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé, mà.” Ó ní, “Hùn.” Ó parí síbẹ̀.

Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà bí ẹni tó jẹ̀bi. “Ó ń bá mi bínú ni,” ló wí. O mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìjà ààlà tó ti pẹ́ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nínú ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ Ìlobù, sọ ohun kan nípa àwọn ará Ìfọ́n tí kò yẹ kó sọ lójú ẹni tó bímọ fún un. Nínú ilé tí irú ìgbéyàwó báyìí wà ládùúgbò wa, bí ìyàwó bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la máa ń kà á sí. Nítorí náà, láti àná tí ìyá mi ti dákẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan àtàǹpàkò rẹ̀ tí ọ̀bẹ gé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti fi àkísà wé e, ó ní kò ṣe nǹkan kan.

Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní Ìfọ́n pé kó wá bá wọn parí ìjà. Kò pẹ́ tí mo dé lòun náà dé, ó ti kó ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá àna rẹ̀ wí jọ lọ́nà. Bàbá mi tiẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tàgbàtàgbà rẹ̀. “Má bínú, ìyá ọmọ mi. Ahọ́n ló ṣèèṣì.” Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì. Ẹni tó ń bínú tó gbọ́ oríkì rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dáhùn, yóò yíjú sí ògiri kí a má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá mi lajú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Màámi, ṣé ẹ ti oko dé?”

Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. “Ìbínú kọ́ lèyí o. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹ wo bó ṣe ń mí hẹlẹ, bí ẹni tó sáré.” Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ nínú ooru ọ̀sán. Mo tú àkísà náà: àtàǹpàkò ti wú, ó pọ́n, pípọ́n náà sì ti ń gòkè lọ sí ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo rò pé ìyá mi ń kú lọ. Mo ní ká gbé e lọ, bàbá mi ní, “Bó bá jẹ́ ìbínú ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá a lóhùn pé, “Ẹ jẹ́ kó lọ bínú ní ọsibítù.” Mo sáré lọ pe aládùúgbò wa tó ní mọ́tò.

Ní ọsibítù ní Òṣogbo, nọ́ọ̀sì tó gbà wá bi wá pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn. A ò mọ̀. Ó bi wá pé ìgbà wo lọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. “Láti àná,” ni bàbá mi wí, “a rò pé inú ló ń bí i ni.” Abẹ́rẹ́ ti wọlé, omi ti ń kán sí i lára, kó tó ráyè ṣàlàyé fún wa. Ó ní sẹ́písíìsì ni wọ́n ń pè é: kòkòrò gba ojú egbò wọlé, ara gbógun tì í, ogun náà wá ń ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́. “Bí ẹni tó légbò tàbí tó ń ṣàìsàn bá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹ, tí kò tọ̀, tàbí tọ́rọ̀ rẹ̀ ò bá dọ́gba mọ́, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Wákàtí wákàtí ni nǹkan yìí ń rìn.”

Inú mi ṣì máa ń dùn bí mo bá rántí àárọ̀ tí ara rẹ̀ yá. Nọ́ọ̀sì náà wọlé, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ìyá mi ní, “Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oorun tó o ń fi du ara rẹ nítorí wa, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó já sásán.” Bàbá mi ní, “Alihamudulilahi,” ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ròyìn ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ fún un. “A jẹ́ pé lásán ni mo kúnlẹ̀?” ló wí. Ìyá mi ní, “Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Ẹ ò lè gbà á padà mọ́.” Bàbá mi kò sì gbà á padà. Mi ò tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn ará Ìfọ́n yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lónìí, bí ìkíni bá kúrú lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa, a máa ń wo ara rẹ̀ ná kí a tó bèèrè ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń padà sí Òṣogbo, mo máa ń já àdúrà ìyá mi gbà lẹ́nu rẹ̀ nítorí ọlọ́kadà tó ń dúró dè mí. Ní báyìí, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, mo máa ń wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, títí yóò fi bèèrè gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Òṣogbo tán. Ọlọ́kadà á máa fọn fèrè níta. Mo máa ń jẹ́ kó máa fọn ọ́n.