Òkú Ọjọ́bọ̀ tí Kelera Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sin

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2015 ni Kelera Ravutu àti Parmod Datt kọ́kọ́ pàdé, ní ọ́fíìsì kékeré tí ó wà lókè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Walu Bay, ní Suva, olú ìlú Fiji. Ọjọ́ náà gan-an ni Kelera bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń to orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi kú lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ kíákíá láti gbé e dìde, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ òun yá. Parmod, tí kò tíì kí i rárá, fi róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ó fi bébà wé, gbá a ní ọrùn ọwọ́.

"Ta ló ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé?" ni ó wí. "Jókòó, àbúrò. Jẹ́ kí n fi ohun tó pa á hàn ọ́."

Ohun tí ó fi hàn án lọ́jọ́ náà ni ó di iṣẹ́ ọwọ́ Kelera títí di òní. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan a máa rán òmíràn níṣẹ́, èyí tí a rán náà a sì tún rán òmíràn. Bí ètò bá kú, ẹ̀rọ a fi òkú rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi irinṣẹ́ ayẹ̀wò ṣí fáìlì náà, nínú fèrèsé dúdú tí kò ní àwòrán kankan, kí ó tẹ bt, kí gbogbo àwọn tí ó ran ara wọn níṣẹ́ sì jáde ní ìlà-ìlà, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí a rán kẹ́yìn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ipele. Bí ó bá tẹ up, yóò bọ́ sí ipele ẹni tí ó ránni, yóò sì rí ohun tí ẹni náà gbé léni lọ́wọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kelera kọ́ bí a ti ń wo ẹ̀yìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí ọkọ̀ tí ń lọ sí erékùṣù Kadavu bá ti fẹ́ gbéra. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò láìsí ìwé orúkọ, nítorí náà ni Aporosa Tikoca, ọ̀gá ọ́fíìsì, fi máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ètò náà dìde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e dìde, ẹ̀rọ a gbá òkú àtijọ́ dànù. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń ṣẹ́kù ni ìlà kan tí ó ń sọ ibi tí ètò náà ṣubú sí, ibẹ̀ sì ni apá tí Kelera fúnra rẹ̀ kọ, èyí tí ń to orúkọ ní ẹsẹẹsẹ.

Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ kẹta, Tikoca pè é.

"Kelera, wàá mú yaqona dání, wàá sì wá ṣe soro níwájú Ọ̀gá Àgbà lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, wàá máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀."

Ẹni tí ó bá ṣe soro ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá sì gba yaqona náà, gbòǹgbò tí wọ́n ń gún pò mu, ti dárí jì í, kò sì sí ẹni tí ó tún gbọdọ̀ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé.

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀."

"Ibi tó ṣubú sí nìyẹn. Ẹ ò tíì béèrè ẹni tó tì í."

"Àbí kí ló le ńbẹ̀? A ó mu ún, a ó pàtẹ́wọ́, ó tán."

"Bó bá tán lẹ́nu yín, ṣé ó tán nínú ẹ̀rọ? Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ta ni yóò tún wá ṣe soro? Ìyá mi?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Àwọn èrò Kadavu dúró ní èbúté pẹ̀lú ẹní àti àpò kókò dalo wọn. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ètò náà kú. Orí àtẹ̀gùn ni Tikoca ti ń pariwo bọ̀.

"Ẹ gbé e dìde!"

Kelera tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. "Rárá, sà."

"Èrò igba ló wà nínú òjò!"

"Ẹ fún àwọn akọ̀wé ní ìwé àti báírò, kí wọ́n fọwọ́ kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Parmod wí. "Ará Rewa ni. Bí wọ́n bá gbá góòlù mẹ́fà wọlé wọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo fídíò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará Ba tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ sáré lọ mú báírò wá, kẹ́sẹ̀ yín lè wúlò."

Tikoca kò rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ ẹ̀bi rẹ lo bá níbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá ṣe soro náà lónìí, màá sì ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n màá ti mọ ohun tí mò ń tọrọ àforíjì fún."

Ó tẹ bt. Ìlà méje jáde. Ní ipele òdo, ìlà òkè pátápátá, apá tirẹ̀ ni ó rí, bí wọ́n ti wí. Ó wo ohun tí wọ́n gbé lé apá náà lọ́wọ́: orúkọ kìíní wà níbẹ̀, ní ipò orúkọ kejì, òfo ni. Ó tẹ up. Ẹni tí ó wà ní ipele kìíní kàn gba òfo náà, ó sì tari rẹ̀ síwájú. Ti ipele kejì ṣe bákan náà. Ó tún tẹ up. Ní ipele kẹta, tí ń ka tíkẹ́ẹ̀tì láti èbúté, ni ó ti bá odindi tíkẹ́ẹ̀tì náà: Vilikesa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó ń lọ sí Vunisea, ní Kadavu.

Apá yìí a máa gé orúkọ sí méjì. Bí orúkọ bá jẹ́ ẹyọ kan, a gbé òfo léni lọ́wọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń dọ́gbọ́n kọ "Ọ̀gbẹ́ni" ṣáájú orúkọ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ni akọ̀wé tuntun dé, ohun tí èrò bá sọ gan-an ni ó ń kọ, Vilikesa sì ń wá rí dókítà ojú ní Suva lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń padà sílé ní Ọjọ́bọ̀.

Ní orí apá náà, ẹni tí ó kọ ọ́ fi lẹ́tà méjì sàmì sí i: A.T., ọdún 2009.

Parmod wú ikọ́. "Ọ̀gá, ta ló ń jẹ́ A.T. ní ọ́fíìsì yìí o?"

Tikoca fi ìka bo lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjèèjì. "Ó rọrùn," ni ó wí. "Kí wọ́n padà máa kọ Ọ̀gbẹ́ni. Tàbí kí wọ́n kọ Kò-sí."

Kelera dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, ó sì bá bàbá náà lábẹ́ òrùlé páànù.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ yín kejì?"

"Èwo ni kejì?" ni Vilikesa wí. "Èyí tí bàbá mi fún mi, ó ti gbó ni?"

Nígbà tí ó padà gun òkè, omi ń kán lára rẹ̀. "Orúkọ rẹ̀ pé, sà. Ètò wa ni kò pé. Bí ọkọ̀ bá rì, ta la fẹ́ wá lójú òkun, Vilikesa Kò-sí?"

Kò dúró de èsì. Ó tún ipele kẹta ṣe, ó sì fi ìlà kan kún tirẹ̀ náà, nítorí ó yẹ kí ẹni tí a rán níṣẹ́ yẹ ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ wò. Ọkọ̀ gbéra ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú.

"Má dárúkọ nínú ìròyìn rẹ," ni Tikoca wí ní ohùn kẹ́lẹ́.

"Mo ti kọ ọ́, sà. Ipele kẹta, A.T. Ipele òdo, K.R. Mi ò fi tèmi pamọ́."

Tikoca kò kí i fún odidi oṣù kan. Kò sí ẹni tí ó tún mẹ́nu kan soro, Kelera kò sì ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ó bá jẹ́ pé gbígba orúkọ ènìyàn ni iṣẹ́ yín, yálà sínú ìwé tàbí sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí tí ẹni náà bá fún yín, kí ẹ má sì ṣe fi ohunkóhun kún un.