Nọ́ńbà Tó Sanra Lára Sítáḿpù Adùnní

Lánàá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí da sítáḿpù ara lẹ́tà tó ń kó jọ sórí tábìlì. Òórùn gọ́ọ̀mù àtijọ́ gba imú mi kan. "Nonna, guarda!" Ìyẹn ni pé, "Màmá àgbà, ẹ wò ó!" Ó fi hàn mí pé orí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà lára méjì, nọ́ńbà iye owó wọn ló yàtọ̀. Ọ̀kan tín-ín-rín, ìkejì sanra. Mo ní kó mú bírò wá.

Ẹ̀yin ọmọ, èmi àti Adùnní la jọ dàgbà nínú agboolé kan ní Ìsẹ́yìn. Kò sí èyí tó rí ilé ìwé nínú wa. Àmì la fi ń mọ nǹkan: ìlà mẹ́ta wà lọ́rùn ìkòkò omi mi, méjì wà lọ́rùn tirẹ̀. Bí mo bá ṣèèṣì gbé tirẹ̀ lódò, á ké lé mi lórí pé, "Olójú ẹja! Ìlà mélòó lo rí?"

Ìgbà tí a dàgbà, Adùnní wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi wà ní Padova níbí ní Ítálì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a kọ lẹ́tà, ọkọ mi ló ń kà á fún mi bó bá dé ní Sátidé láti ìlú Modena tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí a jọ ń gbé ò mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Nọ́ńbà tín-ín-rín yẹn ni mo fi ń dá lẹ́tà Adùnní mọ̀, mo sì ń yangàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, postino tuntun kan, ẹni tó ń pín lẹ́tà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rí orúkọ wa lára aago ẹnu ọ̀nà. Ó na lẹ́tà sí mi: "È sua, signora?" Ó ń bi mí bóyá tèmi ni. Mo wò ó. Orí ọbabìnrin nìyẹn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà sanra. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi owó kún sítáḿpù, tí nọ́ńbà sì ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú ilé, ìtìjú ò jẹ́ kí n pè é. Mo ní, "No." Ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ Adùnní rí nọ́ńbà fóònù wa gbà. Ó ní lẹ́tà yẹn ni ìyá òun fi pè mí pé kí n wá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ojú ilẹ̀kùn ló ń wò títí tó fi kú. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, lẹ́tà náà padà wá. Ṣé ẹ ti kó kúrò níbẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lóde òní, ẹ̀ ń rí ojú ara yín nínú fóònù, kò sẹ́ni tó ń dúró de postino mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa ò tíì gbó. Ọmọ mi, kọ ọ́ kí ọmọ Adùnní lè kà á: a ò kó lọ síbì kankan. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo dá a padà.