Àdúrà fún Ibì Kan Ṣoṣo

Bí ẹ bá dé Kàbà tí ẹ ní Sùlèímánì lẹ ń wá, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. "Ṣé Télọ̀ Mọ́sà lẹ ń wí?" Iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ dára, ẹnìkan ò lè jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n mọ́sà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn. Ọdọọdún ló ń fi ṣe sàráà, àpò omi kékeré kan nínú ikùn rẹ̀ ló sì fà á.

Ikùn ló ń dùn ún nígbà kan tí wọ́n fi ya fọ́tò inú rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n bá àpò omi náà lára ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríà. Kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọbìnrin ará ìlú Ìyàrá kan tí kò dàgbà ju Yúsràt ọmọ Sùlèímánì lọ, ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Kí ó máa wá kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Jẹjẹrẹ kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn lé oorun lójú Bíllíkísù ìyàwó rẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọdún tí àpò náà kò bá ti tóbi, òun yóò dín mọ́sà fún tilétoko. Kò sì tóbi. Àáfà Àbdùlhàmíd á jókòó síwájú, á tẹ́wọ́: "Ọlọ́run, má jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ Sùlèímánì tóbi sí i." Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abọ́.

Ta ló wá sọ fún wọn pé ibì kan ṣoṣo ni ikú ń gbà wọlé?

Lọ́dún tó ṣáájú èṣí, dókítà bi Sùlèímánì bóyá ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹ̀dí ni. Ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún fẹ́ràn ṣúgà, kí ni ì bá tún ṣe é? Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àwọn oníwàádìí kan rí i pé àwọn tó ní irú àpò omi yìí máa ń ní jẹjẹrẹ níbòmíì lára, bí ìfun, ju àwọn tí kò ní in lọ. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà wo ìfun yín."

Nígbà tó sọ ibi tí kámẹ́rà yóò gbà wọlé, Sùlèímánì dìde. Kí ọmọ tí òun lè bí máa wo ìdí òun? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Ó délé, Bíllíkísù ní kí ni wọ́n wí. "Kò tóbi sí i," ló sọ. Kò purọ́, àbọ̀ òtítọ́ ló sọ, ó wá lọ ra àgbo jẹ̀dí. Ìtìjú burúkú mà rèé o! Èṣí, dókítà tún sọ ọ́, ó tún kọ etí ikún sí i.

Nígbà tó fi máa di ọdún yìí, ó ti rù débi pé ṣòkòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Bíllíkísù ní dandan, òun á bá a dé Lọ́kọ́ja. Sùlèímánì ò lágbára àtijiyàn mọ́. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fi kámẹ́rà náà wò ó. Wọ́n fún un lóògùn oorun, ó sùn, ó jí, ó parí. Ohun tó ń sá fún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pè wọ́n jókòó.

"Àpò omi yẹn wà bó ṣe wà," ó ní. "Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ wà nínú ìfun ńlá, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Bàbá, mo sọ fún yín nígbà náà."

Bíllíkísù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo?"

Dókítà ló sọ ọ́: lọ́dún tó ṣáájú èṣí, àti èṣí.

"Ṣé ẹ lè gé e kúrò?" obìnrin náà béèrè.

"Ó ṣeé ṣe ká rí i gé nígbà náà, Màmá. Ní báyìí, oògùn tí yóò dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nìkan la ní."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Kàbà, Bíllíkísù ní: "Baba Yúsràt, èmi tí mo bímọ fún yín, èmi lẹ fi ìdí pamọ́ fún?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún láàárín èrò.

Wọ́n délé bá epo lórí iná. Yúsràt ò mọ nǹkan kan, ó ti ń dín mọ́sà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àwọn ará àdúgbò ti kún orí ẹní. "Okun o!" ni wọ́n ń kí wọn. "Ṣé kò tóbi?"

"Kò tóbi," Sùlèímánì dáhùn.

Inú wọn dùn, wọ́n hó yèè. Àáfà tẹ́wọ́: "Ọlọ́run, ìwọ tí kò jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ..."

"Àáfà, ẹ dákun, ẹ dúró." Omijé ń dà lójú Bíllíkísù. "Ẹ má dárúkọ ibì kan fún Ọlọ́run mọ́. Ó ti gbọ́ ìyẹn. Gbogbo ara ni kí ẹ wí."

Àáfà wo Sùlèímánì.

"Ẹ wí i bó ṣe sọ ọ́," ni Sùlèímánì fèsì. "Jẹjẹrẹ ti wà nínú ìfun mi. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ wí i nígbà tó yẹ."

Wọ́n gbàdúrà náà. Mọ́sà tutù nínú abọ́, kò sẹ́ni tó mú ọ̀kan.