Bí A Ṣe Fa Ẹ̀rọ Ìlagi Wálé láti Avrankou

Kí a tó ra ẹ̀rọ, inú ihò ni mo máa ń wà. Iṣẹ́ lagilagi ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. A ó yí ìtì igi sórí ihò, ẹ̀gbọ́n mi á dúró lókè, èmi á wà nísàlẹ̀, a ó wá máa fa ayùn gígùn láàárín ara wa láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹni tó wà lókè ló ń rí atẹ́gùn. Ìyẹ̀fun igi ni ti ẹni tó wà nísàlẹ̀: nínú ojú, nínú imú, nínú ọbẹ̀ pàápàá. Ìyàwó mi máa ń ní bí òun bá gbọn aṣọ mi, òun á rí ohun tí òun lè fi dáná.

Òun náà ló mú ìròyìn ẹ̀rọ wá. Ìkòkò ló ń tà, ó sì máa ń ná ọjà Avrankou. Ní ọjọ́ ọjà kan ó wọlé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní:

"Ìyá kan wà ní Avrankou tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin náà fi ń la igi ń bẹ lábẹ́ àtíbàbà. Táyà méjì ló ní, wọ́n lè fà á lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ìyá náà fẹ́ tà á."

Inú mi dùn. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò dùn rárá.

"Kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa igi?" ló bi mí. "Igi ní bó ṣe fẹ́ kí a la òun. Ọwọ́ nìkan ló ń gbọ́ èdè rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ wò ó."

"Ìran ni mo ń bá yín lọ wò o. Mi ò bá yín ra nǹkan kan."

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń fi kamiọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, kó epo pupa ló gbé wa lọ. Ìyá àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló jáde sí wa, èdè Gun nìkan ló gbọ́, ìyàwó mi ló ń ṣe ògbufọ̀. Ẹ̀rọ náà ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ayùn rẹ̀ rí roboto, ó fẹ̀ bí atẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata. Nínú àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, adìẹ kan sàba lé ẹyin, ó ń wò wá bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Ìyá náà ní òun kì í ta òkú irin fún ènìyàn, kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa awakọ̀ mú irin tí wọ́n fi ń yí i, ó yí i títí, kò dún. Mo yí i títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ fìlà. Ìgbà náà ni ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó tú ìdè kékeré kan tó dí ọ̀nà epo, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí, ó gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún yí i. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Adìẹ kò mira.

Ìyá tẹrí ba, ó ń gbọ́ ọ. Ó sọ gbólóhùn kan, ìyàwó mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Ó ní bó ṣe máa ń dún nìyẹn bí òun bá ń gbé ẹ̀kọ òwúrọ̀ bọ̀ fún ọkọ òun."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà lórí.

Nígbà tí a sanwó tán, ìyá ní ó ku ohun kan: kí a má ṣí adìẹ nídìí. Kí a gbé e lọ, bó bá pamọ tán, kí a dá a padà.

Okùn ni a fi so ẹ̀rọ mọ́ kamiọ̀n. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ewúrẹ́ kan sọdá, ọ̀rẹ́ wa tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ sì sáré wá kan ìdí ọkọ̀: gbàù! Nígbà tó ṣe ìkẹta, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Bó bá tún gbá mi, orí ni ẹ ó fi rù ú délé!"

Ẹ̀gbọ́n mi náà bọ́ sílẹ̀. Ó mú àdá, ó tọrọ igi lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gé ọ̀kan tó le, tó gùn ju ènìyàn lọ. Ó gbẹ́ ojú okùn sí i lórí àti ní ìdí, ó fi okùn dì í típẹ́típẹ́ sáàárín ọkọ̀ àti ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ̀rọ náà á dúró níbi tó wà. Ó wá gun orí ẹ̀rọ lọ jókòó, ó ní òun ń ṣọ́ igi òun, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ni mo rí tó fi ń ṣíji bo adìẹ.

Ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ bi wá bóyá ìyàwó ni a ń gbé bọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí.

"Ìyàwó ni!" ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ẹ yà fún un!"

A délé, ẹnu ọ̀nà agboolé kò gbà á. Bàbá wa àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ògiri.

"Ta ló mọ ògiri yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ẹ wó o. Mo ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n."

Tọkùnrin tobìnrin mú ọkọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, ẹ̀rọ ti wà nínú ọgbà. Adìẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó mi sì kó gbogbo wọn lọ fún ìyá ní ọjọ́ ọjà.

Ọjọ́ kejì ìyẹn ni a la igi àkọ́kọ́. Ìtì ìrókò ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹfun fa ìlà sí i, kò sì gbà kí n fọwọ́ kàn án. Pákó jáde, títọ́, ó ṣì gbóná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Kò burú," ó sì tún gbé òmíràn sí i. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹ́ kí á pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, etí wa ti di. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi, ẹ̀gbọ́n mi gbé iyọ̀ fún mi. Ìyàwó mi béèrè bí ọbẹ̀ ṣe rí, mo ní mẹ́rìnlá, nítorí mo rò pé iye pákó ló ń béèrè. A ń pariwo mọ́ra wa, a ń rẹ́rìn-ín, títí Bàbá fi ké láti inú yàrá rẹ̀ pé àwọn wo ló ń jà níta yẹn.