Pákò Ìyá Mi

Bàbá mi kú sí Kétu láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀nà Ìkòsí ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa, tí àwọn tìpà oníyanrìn ń da eruku bo ẹja ìyá mi. Ọwọ́ àwọn apẹja Àgbóyi ló ti ń ra ẹja náà, ẹ̀yìnkùlé ilé tí bàbá mi kọ́ ló sì ti ń yan án. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Mo ti ń di obìnrin nígbà náà, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ẹbí bàbá mi wá láti apá Ọ̀yọ́ láti ṣú u lópó. Àṣà tiwọn ni pé kí gbogbo ọkùnrin ilé tó bá fẹ́ opó náà fi pákò rẹ̀ sínú àwo. Ẹni tí opó bá mú pákò rẹ̀ ló di ọkọ. Bí opó bá lọ́mọkùnrin, wọ́n lè fi pákò ọmọ náà sí i, kó mú un, kó máa bá ọmọ rẹ̀ gbé. Èmi kì í ṣe ọkùnrin, kò sí pákò tèmi níbẹ̀. Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n da àwo náà nù.

Gbogbo wa la mọ èyí tí yóò mú. Àbúrò bàbá mi tó ń wa tìpà wà láàárín wọn. Òun ló ń gbé iṣu wá fún wa látìgbà tí bàbá mi ti kú, òun náà ló tún òrùlé àtíbàbà ẹja ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wọ bùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì lè gbójú sókè. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bí inú ṣe ń bí mi tó yẹn.

Olórí ẹbí ní kí ìyá mi mú èyí tó bá wù ú. Ó kúnlẹ̀, ó wo àwo náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ pákò tó ti ń jẹ láti àárọ̀, ó fi í sáàárín àwọn yòókù, ó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ mú un.

"Ẹ ní kí n mú èyí tó wù mí, Bàbá. Tèmi ló wù mí."

Olórí ẹbí ní òun ò rí irú èyí rí, pé obìnrin tó bá kọ àwọn ọkọ ilé ti kọ ilé náà nìyẹn. Ìyá mi ní òun gbọ́, òun á kó agbọ̀n ẹja òun. Ẹ̀rù bà mí, torí a ò níbì kankan tí a ó lọ. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó, Bàbá. Obìnrin lọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ọmọ ni. Ilé ọmọ ẹ̀ ló wà." Olórí ẹbí gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì kó kúrò nílé náà.

Wọ́n máa ń ní bí a bá lé ni tí a ò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni ṣọ̀tá mọ. Ti àbúrò bàbá mi kò mú ọ̀tá lọ́wọ́ rárá. Iṣu ṣì ń wá, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e sí báyìí, tí á sì padà sínú ọkọ̀. Ìyá mi á dúró nídìí iná, á máa wo eruku tìpà náà títí yóò fi rọlẹ̀.

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń yan ẹja, mo bi í pé, "Màmá, ṣé ọkùnrin yẹn ò wù yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wù mí. Àmọ́ èwo ni mo fẹ́ ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ́kọ."

Ọdún yípo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi dá tìpà dúró, ó gbé iṣu kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó sì gòkè padà. Ìyá mi fi pákò tútù kan, tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ, lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sáré gbé e fún un. Mo béèrè ohun tí n ó sọ. Ó ní kí n má sọ nǹkan kan.

Ó gbà á lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìnkùlé wa. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì.