Ẹni Tó Pọ̀n Mí ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ṣílè márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá nígbà tí a kọ́kọ́ lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́fà. Owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì àti sadíìnì wà nínú rẹ̀, ṣéńjì sì tún kù. Nígbà tí mo tún lọ lóṣù tó kọjá, epo tí ọmọbìnrin mi rà sínú mọ́tò rẹ̀ ní Bódìjà ju gbogbo owó tí mo gbà lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo ní kó má sọ iye rẹ̀ fún mi mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà ọjọ́ náà, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi ní Bódìjà, ni ó gbé lọ. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ kí ó bá mi lọ. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè àpáta tó wà nítòsí ààfin, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì yẹ̀. Oòrùn mú, omi ti tán, ojú mi ń ṣú. Ẹnì kan pọ̀n mí títí dé ìsàlẹ̀. N ò rí ojú rẹ̀, nígbà tí ojú mi sì là, inú ọkọ̀ ni mo wà lóru. Ẹ̀wù búlúù tó ní àbùlẹ̀ pupa ní èjìká nìkan ni mo rí, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ló ni ẹ̀wù náà. Láti ìgbà náà, kò sí Kérésì kan tí n kì í gbé àkùkọ lọ fún un, ṣùgbọ́n n ò tíì fẹnu dúpẹ́ rí. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀, kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Ààfin ti di igbó. Odi ìlú tó wó ti di ebè gígùn tí koríko bò, igi oṣè sì dúró bí ẹni tí kò gbọ́ pé àwọn ará ilé ti kó lọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa kiri fi ibi tí àwọn obìnrin ìgbàanì ti ń lọ nǹkan lórí àpáta hàn wá, títí ojú àpáta fi di kòtò. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó ṣì ń dán.

A jókòó sí ìdí òkè náà, nítorí orúnkún wa kò gbà kí a gùn ún mọ́.

"Ọ̀rẹ́, o ṣeun tí o pọ̀n mí níbí."

Ó wò mí. "Ta ló pọ̀n ọ́? Èmi? Pẹ̀lú ara rẹ bí àpò gààrí yẹn?"

"Ẹ̀wù rẹ ni mo rí."

"Mo ti yá ará Òkè-Ògùn tó wà láàárín wa lẹ́wù náà lórí òkè, tirẹ̀ ló ya. Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ń gbé àkùkọ wá?"

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé o kàn fẹ́ràn mi ni."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dádì, àkùkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí!"

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ará Òkè-Ògùn yẹn ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ẹrù ni orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n rù, kì í ṣe ìwé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èmi gan-an ni mo di ẹrù rẹ̀, kò sì fi ṣe ìrègún fún mi rí.

A sùn sí Ìgbẹ́tì. Nígbà tí a dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, a kò yà sílé. Àdúgbò Àpáta la gbà lọ, níbi tí ará Òkè-Ògùn náà ń gbé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo dúpẹ́, n ò sì lè dìde mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ìwọ náà nìyí. Ṣé kí n tún pọ̀n ọ́ ni?"

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ń ka ara wa, àwa mẹ́fà. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, ẹni tó pín búrẹ́dì, ti kú. Ẹni tó ya fọ́tò wa kú sí òkè òkun. Ẹni tó ń kọrin nínú ọkọ̀ náà kú lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ará Bódìjà wà láàyè, eyín tó fi ń jẹ àkùkọ ṣì pé. Èmi náà wà láàyè. Ẹni tó pọ̀n mí wà láàyè.