Ọwọ́ Òsì Dìfẹ́ńdà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé bàbá òyìnbó kan ní Bowie, lókè òkun níbí, ọwọ́ òsì ló fi na kọ́kọ́rọ́ ilé sí mi. Mo ti kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i, ó sì bi mí bóyá nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo wo ọwọ́ òsì yẹn, mo gba kọ́kọ́rọ́. Inú bí mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan séèyàn, wọn á ti gbá a lẹ́yìn ọwọ́ kó tó na án tán. Mo sọ nínú ara mi pé òyìnbó yìí fẹ́ kí n ti ẹnu ọ̀nà mọ ipò mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Iléeṣẹ́ tó ń rán wa kiri ló fi mí síbẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mò ń se oúnjẹ, mò ń tún ilé ṣe, mo sì ń kọ bí ara bàbá ṣe rí sínú ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ń gbé ní Accokeek, òun ló mú un wá láti Swídìn. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ yìí là á mọ́lẹ̀ fún mi lójú baba rẹ̀: bí baba òun bá ṣì ń dá ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, yóò máa gbé ilé yìí. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ló kù. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi náà kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní Langley Park tí mo kọ́kọ́ gbé, ẹni tá a jọ gba yàrá kó ìkòkò àti aṣọ ìbora mi lọ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìjọ kan náà ni wá. Nítorí náà, nígbà tí bàbá sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún mi, inú ni mo ti rẹ́rìn-ín.

Ó ní dìfẹ́ńdà ni òun. Họ́kì orí yìnyín ni, èyí tí wọ́n ń wọ bàtà onírin gbá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé nǹkan róbótó pẹlẹbẹ kan kiri. Orí adágún omi tó dì lẹ́yìn ilé ìlagi tí baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, lápá àríwá ìlú wọn, ló ti kọ́ ọ. Ó wọ ẹgbẹ́ ìlú náà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó gbá a wọlé. Kó dúró síwájú ẹni tó fẹ́ gbá a wọlé ni, kí ìyẹn sì kọlù ú. Góòlù tó jẹ láyé rẹ̀ kéré débi pé ìyàwó rẹ̀ mọ gbogbo wọn lórí. Nígbà tí ara kọ̀, wọ́n fi ṣe máníjà ẹgbẹ́ kan náà. Òun kọ́ ló ń kọ́ wọn ní eré. Òun ló mọ bàtà ta ló fẹ́ pípọ́n, ta ló máa sùn níbo, ta ló máa bá wọn rìnrìn àjò, ta ló máa dúró sílé.

Mo wo ara ògiri. Kò sí fọ́tò kan. Ta ló ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ tí kò gbé fọ́tò kọ́? Baba mi sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ìwé, ó ṣe ipò kẹta, fọ́tò yẹn sì wà ní pálọ̀ wa títí ó fi kú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ nìyẹn. Nínú ooru, súwẹ́tà tí kò ní bọ́tìnnì ló ń wọ̀. Ohun tó bá ṣeé fi ṣíbí jẹ nìkan ló ń jẹ. Ẹran tí mo bá sè, á fi sílẹ̀ sínú àwo, mo ní ó ń bẹ̀rù kí n má fi májèlé sí i. Bó bá fá irùngbọ̀n, apá kan á mọ́, apá kejì á rí ṣágiṣàgi. Bí mo bá wọlé lójijì, á ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Kí ló ń fi pa mọ́? Mo tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Aṣọ ìnujú kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ara ṣì ń fu mí.

Òun náà ń ṣọ́ mi. Láti orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti ń fojú tẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi kiri ilé. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Kí ló dé tí o kì í wo ojú mi?”

Mo ní níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ranjú mọ́ àgbà.

Ó ní, “Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí kì í wo ojú máníjà, ẹsẹ̀ ń dùn ún ni.”

Ó wá sọ pé lọ́jọ́ ìrìn àjò, òun máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò ọsàn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń bọ̀, òun á ju ọsàn kan lù ú láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tí kì í lò hán an, tàbí tó yẹ̀ fún un, òun á gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n máa ń fi ìrora pa mọ́ kí wọ́n má bàa yọ wọ́n kúrò. Òun náà ṣe é nígbà tó ń gbá a: odindi sáà kan ni èjìká kan kò fi ṣiṣẹ́, ó gbé ọ̀pá sí ọwọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

“Wọ́n máa ń sunkún,” ó ní. “Mi ò dá ẹnì kankan padà sínú bọ́ọ̀sì rí.”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Mo lọ fọ abọ́. Irọ́ ni mo pè é.

Ìwé kan wà tó yẹ kó máa fọwọ́ sí lójoojúmọ́ pé mo wá síbi iṣẹ́. Kò fọwọ́ sí i lójú mi rí. Á ní kí n fi sílẹ̀, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo máa bá a pé ó ti fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin Ìbàdàn tó ń ṣètò wa ní ọ́fíìsì pè mí.

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú o, it’s about bàbá Bowie. Signature tó wà lórí timesheet yín ò match èyí tí wọ́n ṣe nígbà tá a register wọn. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé kọ ọ́. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń sign fún wọn?”

“Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣe fraud lójú yín ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mà. Office ló fẹ́ mọ̀.”

Ara mi gbóná. Ó dá mi lójú pé mo ti mú un: ó ń kọ kátikàti kí wọ́n lè lé mi lọ ni. Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀, mo dúró tì í.

“Ẹ fọwọ́ sí i níṣojú mi, sà. Ọwọ́ tí ẹ fi kọ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́.”

Ó wò mí pẹ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú àpò, bí ìgbà téèyàn ń gbé ọmọ tó ti sùn. Ó ki bírò sáàárín ìka. Bírò já bọ́. Ó tún fi í sáàárín ìka, ó tún já bọ́. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀.

Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé bí apá kan ara àgbàlagbà bá rọ, kí wọ́n má jókòó, kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Súwẹ́tà, ẹran, irùngbọ̀n, ọwọ́ inú àpò, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi na nǹkan sí mi, ibi ìbínú ni mo sì wà látìgbà náà. Olùtọ́jú tí kì í ṣe Yorùbá ì bá ti rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú.

Mo béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí n tó dé, òun jí, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Mo yọ fóònù.

“Má pè wọ́n,” ó ní. “Ọmọ mi á kó mi kúrò níbí. Ilé yìí nìkan ni mo ní.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀.

“Sà, tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé ọwọ́ yìí wá sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì yín ńkọ́?”

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Màá gbé báàgì rẹ sọ̀kalẹ̀.” Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí fóònù mi. “Pè wọ́n.”

Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Oògùn wà tí kò ní jẹ́ kí òmíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni, ọwọ́ náà ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kò padà sílé mọ́, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni wọ́n gbé e lọ. Títí di òní, mo ṣì ń fura pé torí kí n lè mú òun ló ṣe sọ ìtàn ọsàn yẹn fún mi. Mo bi í nílé ìtọ́jú, ó ní rárá. Mi ò gbà á gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ sáré dé sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo pe áńbúláǹsì. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó ní òun tí òun jẹ́ ọmọ, tí òun ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday, òun kò rí i, èmi ni mo rí i.

“Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?”

Mo lè sọ pé àárọ̀ yẹn ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Ọjọ́ tí mo dé ni,” mo ní. “Mo rò pé ó ń fi mí wọ́lẹ̀ ni.”

Kò yé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ òsì jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé lọ, ó ń yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi di mí mú mọ́.